Fàdákà Ẹ̀yìn Òkú Gíláàsì

Òkú mẹ́jọ ni mo bá nínú àpótí yẹn, wọ́n tẹ́ wọn sí ìlà méjì lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán gangan. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí òórùn. Gíláàsì pẹlẹbẹ ni gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Wọ́n ní dúdú kirikiri ni wọ́n nígbà tí wọ́n ti láàbù pa lánàá. Nígbà tí wọ́n ṣí i láàárọ̀ yìí, gbogbo wọn ti di àwọ̀ ìyeyè.

"Ẹ̀yin náà ti fojú yín rí i," ni Ọ̀gá Àgbà wí. Òun ni olórí ilé ìwádìí náà, ọkùnrin gíga, onírun funfun, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣe ìkéde. "Kò sí olè, kò sí apànìyàn. Nǹkan tí kò dára látilẹ̀ ló bàjẹ́. Mi ò tilẹ̀ mọ ẹni tó pe ọlọ́pàá."

"Èmi ni mo pè wọ́n, sà," ni obìnrin kan dáhùn lẹ́yìn wa.

Mo yíjú padà, mo sì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìyá Oòrùn ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì pé ogójì ọdún. Òun ló ṣe àwọn gíláàsì náà. Ojú rẹ̀ ti wú, ó ti sunkún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ojú ẹni tó fẹ́ jà ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Èmi náà ní orúkọ tí wọ́n sọ mí. Ní àgọ́ wa, Kílódé ni wọ́n ń pè mí, torí pé ìbéèrè kì í tán lẹ́nu mi. Ẹni tó bá ní kí n má béèrè, òun gan-an ni mo máa kọ́kọ́ bi. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, ọkọ mi ti gba kádàrá.

"Ṣàlàyé fún mi," mo wí fún un. "Má fi èdè yunifásítì sọ ọ́ o. Sọ ọ́ bí ìgbà tó o bá ń bá àǹtí ẹ sọ̀rọ̀."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní páànẹ́lì sólà tí gbogbo ayé ń gbé sórí òrùlé, inú iyanrìn ni wọ́n ti ń yọ èròjà rẹ̀, iná tí wọ́n sì ń jó kí wọ́n tó yọ ọ́ kì í ṣe kékeré. Irú tirẹ̀ yàtọ̀. Pẹrófísíkáìtì ni wọ́n ń pè é. Bí ẹni ń kun ọ̀dà ni wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á kọ́kọ́ fi iyọ̀ òjé kun gíláàsì, ìyẹn á ní àwọ̀ ìyeyè, wọ́n á wá da omi kejì lé e, kíá ló máa di dúdú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba oòrùn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹlẹgẹ́ ni. Bí ọ̀rinrin bá kàn án báyìí, dúdú á tú, ìyeyè á padà, ó parí.

"Àwọn tèmi kì í tú," ó wí. "Mo rí iyọ̀ kan tó ń dí gbogbo àlàfo inú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn rẹ́ ògiri tó sán. Bí a bá pín oòrùn tó bà lé wọn sí ọgọ́rùn-ún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n ń sọ di iná. Àtìgbà tí ọmọ mi ti wà ní ìkókó ni wọ́n ti wà lábẹ́ iná yìí. Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí. Wọn ò yẹ̀ rí."

"Wọ́n yẹ̀ lónìí," ni Ọ̀gá Àgbà wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwádìí náà máa jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọ̀gá Àgbà ti sọ ohun tó fẹ́: kí Ìyá Oòrùn dìde níwájú wọn, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ lòun ń pa láti ọjọ́ yìí wá, pé gíláàsì òun ò lálòpẹ́ rí. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á jẹ́ kó kó ẹrù rẹ̀ lọ ní ìrọ̀rùn. Bí kò bá sọ ọ́, wọ́n á lé e, wọ́n á sì kéde rẹ̀ bí oníjìbìtì débi tí kò ní rí láàbù kankan wọ̀ mọ́ láyé.

"Ṣé wàá sọ ọ́?" mo bi í.

"Kí n sọ ọ́ kẹ̀? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, Àǹtí. Mi ò purọ́, mi ò sì ní fẹnu ara mi pe ara mi ní òpùrọ́."

Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fún wa láyè díẹ̀. Ó ní láàbù òun ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, àmọ́ ẹjọ́ tèmi ni. Ó jáde, ó sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn dún gbàá.

* * *

Obìnrin agbálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ nàka sí fún mi. Ọ̀gá Àgbà ló sọ pé omi tó fi nu ilẹ̀ lánàá ti pọ̀ jù, pé ọ̀rinrin ilẹ̀ ló gòkè lọ bá àwọn gíláàsì.

Mo bá a lórí ìjókòó onírin kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òjò tó ti ń ṣú láti ìdájí ti bẹ̀rẹ̀, ó ń lu fèrèsé kíkankíkan. Obìnrin náà di ọ̀pá ìnulẹ̀ rẹ̀ mú bí ẹni pé orí mi ló fẹ́ fi nù.

"Mà, ṣé ilẹ̀ tí mo nù ló gun tábìlì?" ó bi mí. "Látọjọ́ tí mo ti débí ni mo ti ń fi omi nu ilẹ̀. Ṣé itọ́ ni wọ́n fẹ́ kí n máa fi nù ún?"

Ẹ̀rín pa mí. "Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń nù ún?"

"Kò sẹ́nìkan. Mo nù ún tán, mo tilẹ̀kùn, mo fa kọ́kọ́rọ́ lé ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́."

"Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ìyá Oòrùn, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́, àti Ọ̀gá Àgbà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá Àgbà ló sì ń kọ́kọ́ dé láràárọ̀, kí àkùkọ tó kọ ni."

"Ṣé èèyàn lè gbé nǹkan jáde níbí?"

"Gba ibo? Ẹ̀ṣọ́ gẹ́ètì máa ń tú àpò, tú bàtà. Àwo ìjẹun mi pàápàá, wọ́n á ṣí i. Ọ̀gá Àgbà ló pa á láṣẹ, kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń tú tiẹ̀ náà." Ó dìde. "Mà, bí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n lé mi. Àmọ́ kí wọ́n má purọ́ mọ́ mi. Mo ní àwọn ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ mi."

Mo padà sídìí àpótí. Gíláàsì tó nípọn ni wọ́n fi ṣe é, ó sì tì pinpin. Gáàsì gbígbẹ ni wọ́n rọ sínú rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn méjì wà lára rẹ̀ tí èèyàn á ki ọwọ́ bọ̀ bó bá fẹ́ mú nǹkan nínú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà kékeré onílẹ̀kùn méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń gbà gbé nǹkan wọlé, gbé e jáde. Mo wo mítà ara rẹ̀. Inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Ó dáa, bí kò bá sí omi nínú rẹ̀, omi wo ló wá pa wọ́n? Mo ní kí obìnrin agbálẹ̀ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí ni òun fẹ́ dúpẹ́ rẹ̀ sí, ṣé mo fún òun ní nǹkan ni.

* * *

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe alábàáṣiṣẹ́ Ìyá Oòrùn, onírùngbọ̀n tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ ń sùn nítòsí. Àwọn méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni. Orúkọ rẹ̀ kì í sì í sábà wọ ẹnu àwọn èèyàn tí wọ́n bá ń yin gíláàsì náà, mo sì mọ ohun tí irú ìyẹn lè ṣe nínú èèyàn.

"Níbo lo wà lánàá lẹ́yìn iṣẹ́?"

"Ilé, mà."

"Ẹ̀ṣọ́ ní takisí ló wá gbé ẹ. Ó ní o wọ kóòtù, o de táì."

"Mo… mo lọ sí òde ìgbéyàwó."

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Ta ló fẹ́ ara wọn?"

Ó wo ilẹ̀. Mo ní kí ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó àwọn gíláàsì tí wọn ò tíì ṣe tán sí. Àwo kan ṣófo níbẹ̀.

"Kí ló wà nínú èyí?"

"Àwọn tí a ti fi iyọ̀ òjé kùn, tí a ò tíì da omi kejì lé. Àárọ̀ yìí ni mo rí i pé wọn ò sí mọ́. Mi ò sọ fẹ́nì kankan."

"Kílódé?"

Ẹ gbọ́, mo ti ní in lọ́wọ́ báyìí: ó ní kọ́kọ́rọ́, ó ń purọ́, ó ń fi nǹkan pamọ́, ìlara sì lè wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi ti wà lára ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ni ọkùnrin náà bá bú sẹ́kún bí ọmọdé.

"Iṣẹ́ ni mo lọ wá, mà! Ilé iṣẹ́ mìíràn ló fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Ẹ pè wọ́n, wọ́n á sọ fún yín. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ lójú ẹ̀. Bí mo bá sọ pé gíláàsì sọnù, wọ́n á bi mí pé níbo ni mo wà, àṣírí á tú."

"Kí lo ń wáṣẹ́ mìíràn ṣe?"

"Ọ̀gá Àgbà ló ní wọ́n máa ti láàbù wa pa, pé kí n tètè wá ibi forí pamọ́ sí."

"Nígbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mà."

Mo yọ ọwọ́ kúrò lára ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn gíláàsì wọ̀nyẹn ṣì dúdú, ara wọn ṣì le. Ẹni tó ti ń gbẹ́ sàréè nígbà tí aláìsàn ò tíì sí nílé, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo pe ilé iṣẹ́ kejì yẹn. Òótọ́ ni, ọ̀dọ̀ wọn ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wà.

Bí mo ṣe gbé fóònù kalẹ̀, ló tún dún. Ọ̀gá mi ni, láti àgọ́.

"Kílódé, kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti pe Kọmíṣọ́nnà. Wọ́n ní ò ń da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú nítorí gíláàsì tó bàjẹ́."

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ mi ná, sà."

"Mi ò gbọ́. Padà wá báyìí báyìí."

"Fóònù yìí ń já o, sà," mo wí, ohùn wọn sì ń dún ketekete létí mi. "Òjò yìí ni. Mi ò gbọ́ yín mọ́." Mo pa á. Bí wọ́n bá fẹ́ gba aṣọ lọ́rùn mi, kí wọ́n wá gbà á. Wọn ò bí i mọ́ mi.

* * *

Ọkọ Ìyá Oòrùn dé, tòun ti ọmọ ní èjìká. Tíṣà ni, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà ní ìka rẹ̀. Mo gbọ́ wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò sì dibọ́n pé mi ò gbọ́.

"Sọ ọ́ ká máa lọ sílé," ó ń bẹ̀ ẹ́. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àwọn tó mọ̀ ẹ́ mọ̀ ẹ́."

"Ọmọ yìí ńkọ́? Tó bá dàgbà tó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo jẹ́wọ́, kí n sọ fún un pé bàbá ẹ ló ní ká tètè máa lọ sílé?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, ìyàwó mi."

"Ó ń ba èmi náà. Bá mi gbé ọmọ dáadáa."

Mo wọlé lọ bá a. Mo bi í pé ta ló ti fọwọ́ kan àwọn òkú náà láti àárọ̀. Ó ní kò sí, Ọ̀gá Àgbà ní ẹ̀rí ni wọ́n, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n títí ìgbìmọ̀ fi máa rí wọn.

"Èmi kì í ṣe ẹnikẹ́ni," mo wí, mo sì ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́.

Mo mú ọ̀kan, mo yí i padà. Ojú tó kọ sí iná nìkan ni gbogbo wọn ti ń rí láti àárọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni fàdákà wà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tó ń kó iná jọ. Ó ń dán gbinrin. Mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀, tòun ti rorẹ́ tó wà lágbọ̀n mi.

Mo wá wo pẹpẹ tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Àtẹ onígi kan wà níbẹ̀, ẹnì kan ti kọ "Ibojì" sí i lára. Àwọn gíláàsì tó ti kú lọ́wọ́ Ìyá Oòrùn láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ó ní òun kì í da òkú òun nù, òun máa ń padà wá bi wọ́n ní ohun tó pa wọ́n. Mo yí wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iwájú wọn pọ́n bí ìyeyè, bí ti inú àpótí gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn dúdú, ó ti jẹrà, bí ìdí ìkòkò.

"Kílódé tí fàdákà tibí fi dúdú?"

"Áyódíìnì ni, mà, irú èyí tí wọ́n ń fi sójú egbò. Ó wà nínú iyọ̀ tí a fi ṣe wọ́n. Bí gíláàsì bá ti ń kú lọ, áyódíìnì á máa jáde, á máa jẹ fàdákà. Kò sí èyí tó kú lọ́wọ́ mi tí kò jẹ ẹ́."

"Kò sí ẹyọ kan?"

"Kò sí."

"Ó dáa. Wá wo tibí."

Mo gbé ẹ̀yìn gíláàsì náà kọ sí i. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi kan àpótí.

"Èyí ò kú," ó wí.

"Kò kú, torí pé kò wà láàyè rí. Ìyeyè ni wọ́n bí i, ìyeyè ló wà. Àwọn gíláàsì tó sọnù nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín nìyí. Ẹnì kan kàn lẹ fàdákà mọ́ wọn lẹ́yìn, ó wá fi wọ́n rọ́pò."

"Yéè! Tèmi dà?" Ó di apá mi mú. "Àǹtí, àwọn tèmi dà?"

"Wọ́n wà nínú ọgbà yìí, torí gẹ́ètì yín kò gbojúbọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ bà wọ́n jẹ́ ì bá ti da omi lé wọn, ọ̀rọ̀ ì bá parí. Ẹni tó gbé wọn pamọ́ ń fẹ́ wọn láàyè ni. Fọwọ́ bo ẹnu, má pariwo."

Mo dúró, mo ń rò ó. Ẹni tó ṣe èyí mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ fàdákà mọ́ gíláàsì, ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tí kò mọ̀ ni pé irú gíláàsì yìí máa ń jẹ fàdákà tirẹ̀ bó bá ń kú. Mo jáde lọ bá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó ṣì ń nu ojú.

"Bí mo bá gbé òkú gíláàsì fún ẹ, kí lo máa kọ́kọ́ wò?"

Kò ronú rárá. "Ẹ̀yìn rẹ̀, mà. Fàdákà."

Ó tó. Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ̀kán áyódíìnì kan báyìí ni ì bá ti fi pa àwọn ẹ̀yìn yẹn, mi ò bá tí rí nǹkan kan. Ó ku ẹnì kan.

* * *

Yàrá Ọ̀gá Àgbà mọ́ tónítóní. Àwòrán rẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ wà lára ògiri, ó gbé páànẹ́lì kan sọ́wọ́ bí ẹni gbé ìkókó. Òun ló to páànẹ́lì àkọ́kọ́ sórí òrùlé ilé náà, irú ti àtijọ́, ti iyanrìn. Nínú ìyẹn ló gbé di ọ̀gá.

Ó dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ń wo òjò. Láti ìgbà tí mo ti wọlé, mi ò rí i kó wo ojú mi lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ẹ ti ṣe tán, madam?"

"Ó ku díẹ̀, sà. Ẹ̀kọ́ ni mo wá kọ́ lọ́dọ̀ àgbà. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé gíláàsì ti kú?"

"Àwọ̀ rẹ̀. Ó ti pọ́n, kí lẹ tún ń wá?"

"Mo yí wọn padà, sà. Fàdákà ẹ̀yìn wọn ń dán. Mo ní bóyá ìyẹn jẹ́ nǹkan."

Ó rẹ́rìn-ín gan-an. Inú rẹ̀ dùn láti rí òpè. "Fàdákà á máa dán ni, madam. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Àwọn páànẹ́lì tèmi ti wà lórí òrùlé yìí nígbà tí àwọn ọmọ yìí ṣì ń kọ́ A, B, D. Òjò ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n. Àárọ̀ yìí tí mo wò wọ́n, fàdákà wọn ṣì ń dán bí ọjọ́ tí mo lẹ̀ ẹ́."

"Àárọ̀ yìí, sà?"

Ó fi fèrèsé sílẹ̀, ó lọ jókòó sídìí tábìlì rẹ̀.

"Àárọ̀ tí láàbù yín dàrú," mo wí, "tí ìgbìmọ̀ ń bọ̀, ẹ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, ẹ gun òrùlé. Kílódé?"

"Mo… mo sábà máa ń wò wọ́n."

"Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ wò wọ́n."

"Òjò ń rọ̀!"

"Mo rí i. Àtìgbà tí mo ti wọlé lẹ ti ń wò ó."

Mo ti wà ní ìdajì àtẹ̀gùn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi, ó ń pariwo orúkọ Kọmíṣọ́nnà. Mo pe Ìyá Oòrùn àti Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí mo ṣe ń kọjá. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, òjò ti ń dá, omi dúró jágbájágbá lórí òrùlé pẹrẹsẹ náà. Àwọn páànẹ́lì àtijọ́ wà níbẹ̀ ní ìlà, wọ́n gbé wọn dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí irin. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń yọjú sí abẹ́ wọn. Lábẹ́ èyí tó kángun, mo rí nílọ́ọ̀nù kan tí wọ́n so lẹ́nu. Omi ti kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú.

Bí mo ṣe gbé e jáde, Ọ̀gá Àgbà figbe ta.

"Ẹ wò ó! Ẹ wo ohun tí ẹ ṣe! Ká ní ẹ ti jẹ́ kí n gòkè wá nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀… Ó ti tán! Kò sí èyí tó lè yè é nínú omi yìí!"

"Mi ò tíì tú u, sà," mo wí. "Ta ló sọ fún yín pé ohun tí omi lè pa ló wà nínú rẹ̀?"

Ọ̀gá Àgbà fi ẹ̀yìn ti irin páànẹ́lì. Omi ń kán ní irun rẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá dà bí arúgbó lójú mi.

"Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́," ó wí fún Ìyá Oòrùn, kì í ṣe èmi. "Gbogbo ayé mi ni mo fi ṣe èyí. O wá gbé ọ̀dà dé, ọ̀dà lásán, o fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ di àkísà."

"Ẹ fẹ́ lé mi lọ, kí ẹ wá gbé e jáde pé tiyín ni," Ìyá Oòrùn wí.

Kò sẹ́ ẹ.

"Bàbá ni mo fi yín ṣe, sà. Bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ kí n fẹnu ara mi ba ara mi jẹ́."

Ìyá Oòrùn kúnlẹ̀ sínú omi, ó gba nílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi. Ó gbìyànjú láti tú u, kò lè tú u, ó fi eyín já a. Omi tú yàà sórí ẹsẹ̀ wa. Ó ti pa ojú rẹ̀ dé. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun ò lè wò ó, pé òun mọ ohun tí òun sọ, àmọ́ inú àpótí gbígbẹ lòun ti dán wọn wò, òun ò fi wọ́n sínú odò rí.

"Ṣí ojú ẹ," Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. Mi ò tíì gbọ́ kí ọkùnrin yẹn pariwo tẹ́lẹ̀. "Ìyá Oòrùn, ṣí ojú ẹ!"

Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló dúdú. Dúdú kirikiri. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fa mítà yọ nínú àpò, ó fi wáyà kan ọ̀kan lẹ́yìn. Ojú ọ̀run ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, oòrùn kékeré kan ló jáde. Abẹ́rẹ́ mítà náà fò sókè, ó sì dúró síbẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà wo abẹ́rẹ́ náà. "Kò ṣeé ṣe," ó wí. "Omi wọ̀ wọ́n. Mo fojú mi rí i."

"A gbọ́ yín, sà," mo dá a lóhùn. "Gbogbo wa la gbọ́ yín. Ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nísàlẹ̀." Mo wá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

* * *

Ìgbìmọ̀ ti jókòó yí tábìlì gígùn kan ká nígbà tí a wọlé. Wọ́n rí Ọ̀gá Àgbà pẹ̀lú irin lọ́wọ́, ariwo ta. Fóònù mi ń dún nínú àpò. Mo jẹ́ kó máa dún.

Ìyá Oòrùn ò wo ẹnikẹ́ni. Bàtà rẹ̀ ń ṣe fọ́ṣọ́ fọ́ṣọ́, orúnkún rẹ̀ méjèèjì dọ̀tí. Ó to àwọn gíláàsì náà sórí tábìlì wọn tó ń dán, omi sì ń ṣàn lára wọn lọ bá apá aṣọ àwọn àgbààgbà. Ọ̀kan nínú wọn fa áńkáṣíìfù yọ, ó na ọwọ́ kó lè nu gíláàsì tó wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má nù ún," ó wí. "Mo fẹ́ kó tutù bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọn iná rẹ̀."

Ọkùnrin náà fa ọwọ́ padà. Ìyá Oòrùn nàró, ó fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ gbá irun kúrò níwájú orí.

"Ẹ ní kí n wá fi ẹnu ara mi sọ̀rọ̀," ó wí. "Ẹ gbé àga sún mọ́ ibí."